Ìtàn Ayé John Newton, Òǹkọ̀wé Orin Mímọ́

Bí a bá ṣí ìwé orin tí a ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì ń wo orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ àwọn orin náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní pẹ́ kí a tó bá orúkọ John Newton pàdé. Òun ni ó kọ orin tí ó sọ bí orúkọ Jésù ti dùn tó létí onígbàgbọ́. Òun náà ni ó kọ èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Amazing Grace. Ìtàn tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ nípa rẹ̀ kúrú, ó sì dùn ún gbọ́. Wọ́n ní ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú ni; wọ́n ní ìjì jà lójú òkun, ó ké pe Ọlọ́run, ó tú àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó kọ orin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gba ogójì ọdún.

Àdúgbò Wapping ní ìlú London ni a ti bí i, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1725. Ọ̀gákọ̀ ni baba rẹ̀, kì í sì í pẹ́ nílé. Ìyá rẹ̀, Elizabeth, ni ó tọ́ ọ. Abiyamọ náà kò ní ìlera, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá a jà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti ń ka ìwé ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì ti há àwọn orin tí Isaac Watts kọ fún àwọn ọmọdé sórí. Ìrètí ìyá yìí ni pé ọmọ òun yóò di oníwàásù. Ikú kò jẹ́ kí ó rí i. Ó kú ní ọdún 1732, kí John tó pé ọmọ ọdún méje. Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún mọ́kànlá, baba rẹ̀ mú un lọ sójú òkun.

Láàrin àwọn atukọ̀ ni ó gbé dàgbà, ìwà wọn sì ràn án. Ó ya aláfojúdi, ó ń fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́yà, kò sì fẹ́ gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ní òpin ọdún 1742 ó lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ní Kent, ibẹ̀ ni ó sì ti rí Mary Catlett, ọmọbìnrin wọn. Ìfẹ́ ọmọbìnrin náà kó sí i lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ kí ọkọ̀ tí baba rẹ̀ ti bá a wá àyè nínú rẹ̀ lọ láìmú un. Ní ọdún 1744 wọ́n fi ipá mú un wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ọba. Ó sá, wọ́n mú un padà, wọ́n dè é, wọ́n nà án ní pàṣán lójú gbogbo ará ọkọ̀, wọ́n sì gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ sínú ọkọ̀ kan tí ń lọ ra ẹrú ní ilẹ̀ Áfíríkà, tayọ̀tayọ̀ ni ó fi lọ.

Ní etíkun Sierra Leone ni ó ti fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, tí ó sì bá òyìnbó oníṣòwò ẹrú kan ṣiṣẹ́ ní àwọn erékùṣù Plantain. Ìyàwó ọkùnrin yìí jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ẹni ńlá sì ni láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti fẹ́ràn Newton. Nígbà tí ibà dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùbúlẹ̀, oúnjẹ tí obìnrin náà bá jẹ kù ni ó ń rí jẹ, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Aṣọ gbó mọ́ ọn lọ́rùn, òjò pa á, oòrùn pa á. Àwọn ẹrú tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ni ó ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ń yọ́ bu díẹ̀ fún un nínú oúnjẹ tí kò tó wọn jẹ. Ìwé kan ṣoṣo ni ó ní lọ́wọ́, ìwé ìṣirò Euclid, a sì máa fi igi ya àwòrán rẹ̀ sórí iyanrìn etí òkun. Ẹni tí ẹrú bọ́ kí ó má bàa kú ni yóò wá padà wá ra ẹrú.

Baba rẹ̀ ni ó bẹ ọ̀gákọ̀ kan láti wá a rí. Ọkọ̀ Greyhound bá a ní 1747, ó sì wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kò kó ẹrú rárá. Wúrà, eyín erin, ìda oyin àti igi tí a fi ń pa aṣọ láró ni ẹrù rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1748, ìjì líle kọlù wọ́n ní òru lórí òkun Àtìláńtíìkì. Bí Newton ti fẹ́ gun òkè, ọ̀gákọ̀ ní kí ó padà mú ọ̀bẹ wá. Ẹni tí ó gun òkè dípò rẹ̀ ni ìgbì gbá lọ. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni ó fi ń fa omi jáde nínú ọkọ̀, nígbà tí agbára rẹ̀ sì tán, ó lọ di ìtọ́kọ̀ mú. Ibẹ̀ ni àdúrà ìyá rẹ̀ ti padà sí i lọ́kàn. Ìda àti igi fúyẹ́ ju omi lọ. Àwọn ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà rì títí wọ́n fi gúnlẹ̀ ní Ireland ní oṣù Kẹrin. Títí Newton fi kú ni ó ń fi àyájọ́ ìjì náà gbàdúrà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣòro jù láti gbọ́. Ó fẹ́ Mary ní ọdún 1750, ní ọdún náà gan-an ni ó sì di ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú. Láàrin 1750 sí 1754 ó ṣe ìrìn-àjò mẹ́ta, ó ń kó àwọn ènìyàn láti etíkun Áfíríkà lọ sí West Indies. Ní ọjọ́ Ìsinmi a máa ka àdúrà fún àwọn atukọ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn tí a dè ní méjì méjì há mọ́ ara wọn ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí ó fura pé wọ́n ń dìtẹ̀, ó fi irin tí a fi ń fún àtàǹpàkò jẹ àwọn ọmọdékùnrin kan níyà. Ó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Kò sì sí ẹ̀rí-ọkàn tí ó dí i lọ́wọ́. Kì í ṣe ìrònúpìwàdà ni ó mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àìsàn ni, èyí tí ó gbé e ṣánlẹ̀ lójijì ní 1754.

Ó gba iṣẹ́ aṣọ́bodè ní èbúté Liverpool, ó sì fi àyè tí ó ní kọ́ èdè Gíríìkì àti Hébérù. Lẹ́yìn tí àwọn alákòóso ìjọ ti kọ̀ ọ́ fún ọdún mélòó kan, a fi jẹ àlùfáà ní 1764, a sì rán an lọ sí Olney. Ní ọdún náà ni ó tẹ ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde. Kò pe òwò ẹrú ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn tálákà tí ń hun léèsì ni ó pọ̀ jù ní Olney. Nítorí tiwọn ni ó ṣe ń kọ orin: orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, tí yóò bá ìwàásù mu, tí aláìmọ̀wé sì lè rántí nídìí iṣẹ́. William Cowper akéwì, ẹni tí ìbànújẹ́ ọkàn ń bá jà, wá ń gbé nítòsí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ kọ ìwé orin Olney tí ó jáde ní 1779. Orin 348 ni ó wà nínú rẹ̀. Ti Newton ni ó pọ̀ jù. Amazing Grace wà nínú rẹ̀, èyí tí ó kọ fún ìsìn ọjọ́ kìíní ọdún 1773. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi ohùn tí a fi ń kọ ọ́ lónìí sí i, ní 1835.

Ní ọdún 1780 ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary Woolnoth ní London. Ibẹ̀ ni William Wilberforce, ọ̀dọ́mọkùnrin aṣòfin, ti yọ́ wá bá a ní 1785, tí ó ń rò láti fi òṣèlú sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Newton ní kí ó má fi í sílẹ̀. Ní 1788 ni òun fúnra rẹ̀ wá la ẹnu: ó kọ ìwé kékeré kan tako òwò ẹrú, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó sì gbà pé ìjẹ́wọ́ náà pẹ́ kí ó tó wá. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin, ó sì lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ọba. Àwọn tí wọ́n ń gbèjà òwò náà kò lè sọ pé kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹgbẹ́ kékeré kan tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1783 ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tí ó bí CMS ní 1799. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ Òṣogùn kan, Àjàyí, kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí, ó sì gbé e lọ sí Freetown, ní etíkun tí Newton ti ń ra ènìyàn rí. Àwọn ará CMS ni ó kọ́ ọ ní ìwé; òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.

Newton kò rí ìyẹn. Ojú rẹ̀ ti fọ́, Mary sì ti kú láti 1790. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ nígbà tí òfin fi òpin sí òwò ẹrú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹta ọdún 1807. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní 1893 a gbé egungun òun àti ti ìyàwó rẹ̀ lọ sí Olney. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ìrántí rẹ̀, kò sì fi í pamọ́ níbẹ̀ pé òun ti jẹ́ ìránṣẹ́ àwọn ẹrú rí ní ilẹ̀ Áfíríkà.