Aréògún, Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìlú Òsì

Nínú gbogbo àwọn tí ó ti fi àáké àti ọ̀bẹ sọ ìtàn Yorùbá, díẹ̀ ni òkìkí wọn kàn tó ti Aréògún. Ìlú Òsì, ní ilẹ̀ Èkìtì tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1880. Kò fi ìkánjú kọ́ṣẹ́. Ọdún 16 ni ó lò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá méjì, Bámgbóṣé àti Fáṣàn, kí ó tó dá dúró.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ ọnà pín sí ní agbègbè náà. Ọnà lílé ni ìṣáájú, nígbà tí a ń fi àáké la igi títí ìrísí ohun tí a fẹ́ gbẹ́ yóò fi hàn. Alétúnlé ni ó tẹ̀lé e, tí orí, apá àti ẹsẹ̀ fi ń yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a fi ń mú ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ni ó kẹ́yìn: ṣóńṣó ọ̀bẹ ni a fi ń fín ojú, irun, ilà àti aṣọ.

Aréògún gbẹ́ ère Ẹpa àti ọpọ́n Ifá, ṣùgbọ́n ara ìlẹ̀kùn ni ó ti sọ ìtàn jù. Yóò pín pákó sí ìpele ìpele, yóò sì fi àwòrán kéékèèké kún un: Èṣù ń fọn fèrè, babaláwo ń dífá, jagunjagun wà lórí ẹṣin, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ náà kò gbẹ́yìn.

Ní ilẹ̀ Jámánì, láàárín ọdún 1542 sí 1548, Hans Sebald Beham fín ìtàn Hercules, akọni inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará Gíríìkì, sára bàbà pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì fín lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀ sí i. Èyí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa. Ará àdúgbò mọ̀ wọ́n, ìyẹn sì tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ère wa ré kọjá òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀ láìní orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn, bí ẹni pé igi ni ó gbẹ́ ara rẹ̀.

Ti Aréògún kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi Bándélé ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnìkan tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ níṣẹ́. Bándélé ṣiṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Kevin Carroll, àlùfáà Àgùdà, ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ láti ọdún 1947, ó sì kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ. Carroll béèrè ẹni tí ó gbẹ́ èyí àti ẹni tí ó gbẹ́ tọ̀hún, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1967. Aréògún ti kú ní ọdún 1954, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò bá a kú.

Bí ìlú bá tú, bí Ìjàyè ti tú ní ọdún 1862, orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ a máa ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀ ṣègbé. Nítorí náà, bí o bá rí ọpọ́n tàbí ère nílé bàbá rẹ, má ṣe wò ó lásán. Béèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, nígbà tí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.