Alákétu Èdè: Bí A Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Rìn Dé Kétu

   Bí ọdún bá ti yípo báyìí, orúkọ kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá: orúkọ Èdè, ọba tó kó wa dé orí ilẹ̀ tí a ń jó lé lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni a dé. Ọ̀nà náà pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èdè kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà. Nígbà tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ Odùduwà ń jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ láti lọ tẹ ìlú tiwọn dó, Ṣóípàṣán ló ṣáájú àwọn baba ńlá wa, wọ́n sì kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n dúró ní Òkè Ọyàn, kí wọ́n tó tún ṣí. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ̀dó sí Arò, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ gidigidi. Àwọn àgbà ka Ṣóípàṣán ní ọba kìn-ín-ní, wọ́n ka Èdè ní ìkeje. Ọba mẹ́fà ló lo ìgbà tiwọn, tí wọ́n sì wàjà, kí a tó gbọ́ orúkọ Kétu. Síbẹ̀ kò sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò nínú wọn, nítorí ibi tí ọ̀kan bá bá ìrìn náà dé ni èkejì ti ń gbé e.

Arò ni Èdè ti jọba. Àyè ti ń fún àwọn ènìyàn níbẹ̀, ọmọ ń pọ̀, oko sì ń jìnnà. Ì bá jókòó sórí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀ kí ó sì fi wàhálà náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó ń wá ni ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò dúró lé, tí wọn kò ní tún máa di ẹrù kiri mọ́. Ṣùgbọ́n kò fi ìwàǹwára wá a.

Ọdẹ ló kọ́kọ́ mọ ibẹ̀. Alálùmọ̀n lorúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ìtàn Kétu tí kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹran ló ń lé lọ tó fi mọ igbó tí ìlú wa wà lónìí, ó sì pàgọ́ síbẹ̀. Ó mọ ipa ọ̀nà, ó mọ ibi tí omi gbé ń dárogún sí lórí òkè yìí, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti jìn tí kanga kò sì rọrùn láti gbẹ́. Ẹ̀yìn ọdẹ yìí ni Èdè gbà, pẹ̀lú ìdílé tí àwọn onítàn kà sí 120. Àgbà, ọmọ ọwọ́, aboyún, ewúrẹ́, adìyẹ, gbogbo wọn ló wà nínú ìrìn náà. Ẹni tó ń kó irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn kò lè sáré. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù bá ṣe rí ni ìrìn gbogbo wọn ń rí. Bóyá ìdí nìyí tí ọwọ́ àwa ará Kétu kò fi fẹ́ lára ọdẹ àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil ṣì ń pè ní ọba Kétu títí di òní.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò ní iná. Ọba dé pẹ̀lú adé, ṣùgbọ́n iná tí wọn yóò fi dáná oúnjẹ kò sí. Obìnrin àgbàlagbà kan, Yá Mẹ́pẹ̀rẹ́, ń gbé nítòsí. Ọmọ Fọ̀n ni, èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn ènìyàn nítorí agbára ọwọ́ rẹ̀. Alálùmọ̀n lọ bá a, ó tọrọ iná, obìnrin náà sì fún un. Iná ilé àjèjì ni a fi dá ààrò àkọ́kọ́ ní Kétu. A kò gbàgbé oore náà: gbígba iná láti ilé Yá Mẹ́pẹ̀rẹ́ wà lára ètò tí a fi ń jẹ Alákétu.

Ní ti orúkọ ìlú, àwọn àgbà ní inú ọ̀rọ̀ kan tó so iké mọ́ ìlú ni ó ti jáde. Bí kò ti sí ẹni tó lè tú iké ẹ̀yìn abuké, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kò sí ẹni tó lè tú ìlú náà. Èdè wàjà, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló gbẹ́ yàrá yí ìlú ká, tí wọ́n mọ odi, tí wọ́n sì gbé ìlẹ̀kùn ńlá sí Àkàbà Ìdènà. Nínú ìdílé ọba márùn-ún tí a ní lónìí, Alápìní, Màgbó, Arò, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù, ọ̀kan ṣì ń jẹ́ orúkọ ibùdó tí Èdè ti ṣí wá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: Kétu tú. Ní 1883, ogun Dàhòmì wọlé, ó sì jó ìlú. Ní 1886, wọ́n padà wá, wọ́n dó tì wá títí ebi fi pa ìlú, wọ́n wó ilé, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Abomey. Ní 1894, lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé, Onyegen sì gorí ìtẹ́. Orí àlàpà ni wọ́n bá. Wọ́n ro igbó, wọ́n kọ́ ilé kan ti èkejì, wọ́n tún ojúbọ ṣe. Lákòókò yẹn, ààlà àwọn òyìnbó ti pín ilẹ̀ wa sí méjì, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá sì bọ́ sí apá Nàìjíríà. Síbẹ̀ wọ́n ṣe ohun tí Èdè ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, tí ẹ ń kàwé, tí ọwọ́ yín kò tíì tẹ ohun tí ẹ ń wá, Arò ni ẹ wà, ẹ má jókòó síbẹ̀, ẹ má sì sáré fi àwọn tó ń tẹ̀lé yín sílẹ̀. Ẹ wá ọdẹ tó mọ ọ̀nà. Bí iná kò bá sí, ẹ má tijú láti tọrọ. Ẹ̀yin aláṣẹ wa, iṣẹ́ tí ẹni tó ṣáájú yín bá ṣe dé ìdajì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wó o kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ká ní ọba keje ti wó iṣẹ́ àwọn mẹ́fà tó ṣáájú, a kì bá tí dé ibí.

Kétu kò ní tú mọ́ o. Ọdún á yabo. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ọdún láyé.