Bowen àti Ìsinmi Tí A Kì Í Fi Iṣẹ́ Rà

Bí ènìyàn bá dé Ìwó Olódò Ọbà lónìí, tí ó sì béèrè ọ̀nà Yunifásítì Bowen, ọmọdé kékeré yóò tọ́ka rẹ̀ sí i. Lórí ilẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi ti ń kọ́ àwọn tíṣà láti nǹkan bí ọdún 1938 ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá yunifásítì náà sí. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2001, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì wọlé ní ọdún 2002. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà tí ó kọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa ní ìwé ni ó ti ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn tí ń pe orúkọ Bowen lójoojúmọ́ léèrè bí ọkùnrin náà ti lo ayé rẹ̀, àti bí ó ti fi ayé sílẹ̀, ìdákẹ́ ni a sábà máa ń bá pàdé. Ìdákẹ́ yìí ni ó mú wa gbé kálàmù.

Bowen kò gbé Ìwó. Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó tẹ̀dó sí. Orúkọ rẹ̀ ni ó dé Ìwó lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìlú tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí ó sì fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ gbọọrọ.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1814 ni a bí Thomas Jefferson Bowen ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ogun ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ó jà nínú ogun tí wọ́n bá àwọn ẹ̀yà Creek jà ní ọdún 1836, ó sì tún lọ di ológun ẹlẹ́ṣin ní Texas. Ọdún 1840 ni ó gba Jésù gbọ́, kò sì pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù káàkiri. Lójú tiwa, Bowen bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà ológun kò bọ́ lára rẹ̀. Bí ẹni tí kì í dùbúlẹ̀ títí ìlú ọ̀tá yóò fi ṣubú ni ó ṣe sin Olúwa rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ míṣọ́n ìjọ rẹ̀ yàn án fún ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1849, àwọn mẹ́ta ni ó jùmọ̀ gbéra. Goodale kú sí Làìbéríà. Hill, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dúró lọ́hùn-ún. Bowen nìkan ni ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 1850. Ìgbòho ni ọkàn rẹ̀ fà sí, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà, ó sì di dandan fún un láti dúró ní Abẹ́òkúta fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè wa. Níbẹ̀ náà ni ó wà ní oṣù kẹta ọdún 1851 nígbà tí ọmọ ogun Gezo, ọba Dàhòmì, kọ lu odi Ẹ̀gbá. Ojú ológun ṣí nígbà náà, ó sì gba àwọn Ẹ̀gbá nímọ̀ràn bí wọn yóò ti dojú ìjà kọ wọ́n.

Ó padà sí Amẹ́ríkà, ó gbé Lurana Henrietta Davis níyàwó ní oṣù karùn-ún ọdún 1853, kí ọdún náà tó parí wọ́n ti dé ilẹ̀ Yorùbá. Tọkọtaya méjì ni ó bá wọn wá. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níhìn-ín díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa sáré kọjá rẹ̀. Ìyàwó Dennard kú ní ọdún 1854, ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún kan náà. Àìsàn lé tọkọtaya Lacy padà sílé. Bowen àti Lurana bí ọmọbìnrin kan ní Ìjàyè, wọ́n sọ ọ́ ní Mary, wọ́n sì fi Yorùbá kún orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kú ní ọmọ ọwọ́. Láàárín òkú àti ibà yìí ni Bowen ti ń bẹ Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, fún ilẹ̀, tí ó ń pò amọ̀, tí ó ń mọ ògiri. Ní ọdún 1854 ilé ìsìn dúró, a sì ṣe ìtẹ̀bọmi fún àwọn àkọ́so. Wọn kò pọ̀.

Òtítọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìhìn tí Bowen wàásù fún àwọn ará Ìjàyè ni pé ọ̀fẹ́ ni oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, pé kò sí iye iṣẹ́ tí ọmọ ènìyàn lè ṣe tí yóò fi rà á. Ṣùgbọ́n ara òun tìkára rẹ̀, ńṣe ni ó ń lé e kiri bí ẹni tí olówó ń sìn ní gbèsè. Ó fi ìsinmi lọ ẹlòmíràn, kò bu díẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ lọ́sàn-án, tí ẹ tún ń darí ẹgbẹ́ akọrin lálẹ́, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn nítorí ire ìlú, ẹ kò ní ṣàìmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bóyá inú ilé yín ni ó wà. Àwa náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń kọ ìwé yìí. Nígbà tí Olúwa pe àwọn tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n ti parí iṣẹ́.

Ní ọdún 1855 ó dé Ìlọrin. Wọ́n gbà á lálejò, wọn kò gbà kí ó tẹ̀dó. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ìdí iṣẹ́ yìí ni ó sì lágbára jù lọ nínú gbogbo èyí tí ó fi lélẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ni àìsàn lé e kúrò ní ilẹ̀ wa, kò sì padà wá mọ́. Ọdún mẹ́fà péré ni láti ìgbà tí ó ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì!

Ènìyàn ìbá rò pé yóò sinmi nígbà tí ó délé. Ní ọdún 1857 ó tẹ ìwé jáde nípa ìrìn àjò rẹ̀. Ní ọdún 1858 ilé ìmọ̀ Smithsonian ní Washington tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀. Àjàyí Crowther ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni ti Bowen náà. Ó tún ń rọ ìjọba Amẹ́ríkà kí wọ́n rán ọkọ̀ lọ wo odò Ọya. Ètò yẹn kò kẹ́sẹ járí. Lẹ́yìn èyí ni ó kọjá sí Bràsíìlì. Ó bá àwọn ẹrú tí wọ́n ń sọ Yorùbá pàdé ní Rio de Janeiro, ó sì ń bá wọn sọ èdè wọn, èyí tí ó mú kí àwọn aláṣẹ fura sí i. Nígbà tí yóò fi padà sílé ní ọdún 1861, ara rẹ̀ ti wó, ọpọlọ rẹ̀ sì ti ń dàrú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùsọ̀tàn ti máa ń pa ìwé dé. Ojú ń tì wọ́n. Báwo ni a ó ṣe sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé ẹni tí ó gbé Ìhìn Rere wá kú sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ? Àwọn mìíràn burú ju èyí lọ, wọn a ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Àwa kò fara mọ́ èkínní, a kò sì fara mọ́ èkejì. Bí inú ti ń run ènìyàn ni orí ń ṣàìsàn. Onípsálmù tìkára rẹ̀ sọkún lórí ibùsùn rẹ̀, kò sì jẹ́ kí a yọ ẹkún náà kúrò nínú ìwé. Bí ìsinmi nínú Ọlọ́run bá jẹ́ ti àwọn tí orí wọn pé nìkan, kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́. Owó oṣù ni.

A sì rí ohun kan tí ó dà bí ayọ̀ nínú àwọn ọdún òkùnkùn náà. Nígbàkígbà tí ara bá fúyẹ́, Bowen a tún mú Bíbélì, a tún bọ́ sójú ọ̀nà láti wàásù. Kò tún sí ilé ìsìn tí ó fẹ́ fi kọ́, kò sí ìlú tí ó fẹ́ fi gbà. Bí ẹni tí ó kàn fẹ́ràn Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Gbogbo ohun tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ mọ sí Ìjàyè ni ogun jó. Ìbàdàn tú ìlú náà ní ọdún 1862. Láti ọdún 1869, kò sí míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà kan tí ó kù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìsìn kò dúró. Sarah, opó Harden, àti J. C. Vaughan káfíńtà wà nínú àwọn tí ó ń kó àwọn ará jọ ní Èkó, láìsí pé ẹni tí ó gbin iṣẹ́ náà gbé ọwọ́ kan sí i mọ́. Ó wà ní òdì kejì òkun, a ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọdé.

Ní ọdún 1875, W. J. David àti W. W. Colley dé láti tún iṣẹ́ náà gbé ró. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún náà, ní Milledgeville ní Georgia, ìpínlẹ̀ tí a bí i sí, Thomas Jefferson Bowen sùn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.