Gunpei Yokoi, Ẹni tí ó Kó Géèmù sí Wa Lápò

Àwọn ọmọ Ketu, Ikosi àti Mile 12 kò ṣàìmọ eré ìje mọ́tò tí a ń ṣe lórí ẹ̀rọ. Lónìí, ọmọ tí òbí rẹ̀ bá rí já jẹ lè gbé Nintendo Switch lọ́wọ́, kí ó fi Mario àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré nínú mọ́tò kéékèèké tí kò ní òrùlé, kí ó sì máa ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ojú ọ̀nà kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè yọ̀ ṣubú. Elòmíràn a máa fi fóònù òbí rẹ̀ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1995 sí 2005, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn òbí náà fi ṣeré nígbà tí àwọn fúnra wọn wà lọ́mọdé ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí a ń pè ní Brick Game. Bátìrì kéékèèké ni ó ń lò. Kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú lọ, mọ́tò inú rẹ̀ kò sì ju àmì dúdú onígun mẹ́rin mélòó kan lọ tí a tò pọ̀, tí ń yẹ̀ sí ọ̀tún, tí ń yẹ̀ sí òsì, kí ó má baà kọlu èyí tí ń bọ̀ níwájú. Síbẹ̀ bí ọmọ kan bá gbé e lọ́wọ́, àwọn mìíràn a yí i ká, wọn a máa dúró de ìgbà tí yóò kan olúkúlùkù wọn. Àwọn aláfarawé ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan ni wọ́n wò ṣe é. Orúkọ ọkùnrin náà ni Gunpei Yokoi.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1941 ni a bí i ní Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànù, ìlú àtijọ́ tí àwọn ọba ilẹ̀ náà fi ṣe ibùjókòó fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ó kàwé ní Yunifásítì Doshisha ní ìlú rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ni ó sì kọ́. Ní ọdún 1965 ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Nintendo. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé iṣẹ́ ńlá ni. Láti ọdún 1889 tí wọ́n ti dá Nintendo sílẹ̀, káàdì títa ni òwò rẹ̀, irú káàdì tí a ya òdòdó sí, tí àwọn ará Jàpáànù fi ń ṣe ayò. Iṣẹ́ Yokoi ni kí ó máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣe káàdì wọ̀nyí kí wọ́n má baà dákẹ́. Bí ẹ̀rọ kò bá bàjẹ́, kò sí ohun tí yóò ṣe.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ a máa wá nǹkan fún un. Yokoi mú igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó so wọ́n pọ̀ ní àgbékọjá, ó sì fi wọ́n ṣe apá kan tí ó jẹ́ pé bí a bá fún ìdí rẹ̀ pọ̀, yóò nà jáde lọ mú ohun tí ó jìnnà, bí a bá sì tú u, yóò ká padà. Eré ni ó fi ń ṣe. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1966, Hiroshi Yamauchi, olórí ilé-iṣẹ́ náà, wá wo bí iṣẹ́ ti ń lọ, ó sì rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí. Ènìyàn yóò rò pé ìbáwí ni yóò tẹ̀ lé e, nítorí Yamauchi kì í ṣe ẹni tí a ń bá ṣàwàdà. Dípò èyí, ó pàṣẹ pé kí ó sọ ọ́ di ohun títà. Ohun ìṣeré náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ, ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ sì di ẹni tí ń hùmọ̀ ohun ìṣeré.

Nínú gbogbo ohun tí ó ṣe ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tí èmi fẹ́ràn jù. Ní ìgbà náà, mọ́tò ìṣeré tí a ń fi rédíò darí láti òkèèrè wọ́n gógó, ọmọ olówó nìkan ni ó lè ní in. Yokoi yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì rí i pé ohun tí ó mú un wọ́n ni ọgbọ́n tí ó ń jẹ́ kí ó lè yà sí ọ̀tún àti sí òsì bí ó ti wu ẹni tí ń darí rẹ̀. Ó yọ púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ní ọdún 1972 ó gbé mọ́tò kan jáde tí ó lè lọ síwájú, tí ó sì lè yà sí òsì nìkan. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: níbi tí a bá ti ń sá ìje ní òbìrìkìtì, ta ni ó nílò láti yà sí ọ̀tún? Ìje náà dùn bákan náà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tálákà lè rí i rà.

Ọ̀nà tí ó tọ̀ títí ayé rẹ̀ nìyí. Kò fẹ́ràn láti sáré tẹ̀ lé ìmọ̀ tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí owó rẹ̀ sì ń gun òkè. Ìmọ̀ tí ó ti gbó, tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ dunjú, tí ó sì ti dọ̀pọ̀, ni ó máa ń mú, yóò sì wá ìlò mìíràn fún un. Àwọn obìnrin tí ń ná ọjà Mile 12 kò ní ṣàìmọ ohun tí mo ń wí. Nígbà tí tòmátì bá rọ̀ díẹ̀ tí àwọn olówó kò yí ojú sí i mọ́, ẹni tí ó gbọ́n nínú wọn yóò rà á ní ẹ̀dínwó, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é, ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ra tòmátì líle.

Ní ọjọ́ kan, Yokoi wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré bí ọfà, ó sì rí òṣìṣẹ́ kan tí ojú ọ̀nà ti sú, tí ó ń fi ẹ̀rọ ìṣírò kékeré ṣeré lásán. Ó ronú pé ó yẹ kí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ohun tí yóò fi gbádùn ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú ń tì í láàárín àwọn èrò. Lẹ́yìn èyí, awakọ̀ Yamauchi kò lè wá sí iṣẹ́, Yokoi ni ó sì wa ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ìpàdé. Ojú ọ̀nà ni ó ti sọ èrò rẹ̀ fún un. Bàyìí ni Game & Watch ṣe jáde ní ọdún 1980, eré àti aago nínú ẹ̀rọ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí a fi gíláàsì ojú ẹ̀rọ ìṣírò ṣe. Ó tà ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ní ọdún 1982 ó fi bọ́tìnnì kan tí ó ní apá mẹ́rin bí àgbélébùú sí ara ọ̀kan nínú wọn, kí àtàǹpàkò òsì lè darí eré. Títí di òní, bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ géèmù.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Épírì ọdún 1989 ni Game Boy jáde, tí òun àti Satoru Okada pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe. Ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, ó sì ní àwọ̀ ewéko bíi ti ọbẹ̀ tí ó ti ṣá. Àwọn alátakò rẹ̀, Lynx ti Atari àti Game Gear ti Sega, ní àwọ̀ mèremère. Ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ, kò sì ní ju wákàtí mélòó kan lọ tí wọn yóò fi kú. Mẹ́rin ni Game Boy ń lò, ó sì ń lò wọ́n ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní Ketu yóò mọ èyí tí òun ìbá yàn. Nígbà tí ó di ọdún 1990, eré ìje mọ́tò kan tí ń jẹ́ F-1 Race jáde fún un, ènìyàn mẹ́rin sì lè fi okùn so ẹ̀rọ wọn pọ̀, kí wọ́n bá ara wọn díje. Kì í ṣe Yokoi ni ó ṣe eré Mario Kart tí ó jáde ní ọdún 1992. Shigeru Miyamoto, ẹni tí òun tọ́ sọ́nà nígbà kan, ni ó ṣe alábòójútó rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tẹlifíṣọ̀n ni ìyẹn, inú ilé ni a sì so ó mọ́.

Orí kì í dára lójoojúmọ́. Ní ọdún 1995, Yokoi gbé Virtual Boy jáde, ẹ̀rọ tí a ń fi ojú bọ̀ bí awò, tí ohun gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ pupa àti dúdú. Ó ń dá ojú lágara, ó ń ro àwọn mìíràn lọ́rùn, kò sì tà tó mílíọ̀nù kan kí wọ́n tó pa á tì. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1996 ó fi Nintendo sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 31. Àwọn ènìyàn ń wí pé ìtìjú ni ó lé e lọ. Mi ò rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ní i lọ́kàn láti dá dúró. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Koto, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ géèmù alágbèéká mìíràn fún ilé-iṣẹ́ Bandai.

Kò rí òpin rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Òkútóbà ọdún 1997, ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kọlu ọkọ̀ mìíràn ní òpópónà Hokuriku. Ó sọ̀kalẹ̀ láti wo ohun tí ó bàjẹ́, ọkọ̀ tí ń bọ̀ sì gbá a. Ẹni ọdún 56 ni.

Ẹ̀rọ tí ó fi sílẹ̀, WonderSwan, jáde ní ọdún 1999. Bátìrì kan ṣoṣo ni ó ń lò. Ní ọdún 2001, Mario Kart kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ àpò, nínú Game Boy Advance, àwọn ará Intelligent Systems tí wọ́n ti bá ẹ̀ka Yokoi ṣiṣẹ́ tipẹ́ ni wọ́n sì ṣe é. Bátìrì méjì péré ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Bí ọmọ mẹ́rin bá ní ẹ̀rọ náà tí wọ́n sì so wọ́n pọ̀, kásẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan, tí ọ̀kan nínú wọn rà, tó fún gbogbo wọn láti sá ìje.