Olóyè Simeon Adébọ̀: Òṣìṣẹ́ Ìjọba Tí Ẹ̀rín Kò Jìnnà sí Ẹnu Rẹ̀

Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tó jáde, kò sí olóyè tàbí ọ̀gá tí ó ga kọjá ẹnu òṣèré. Ẹ̀fẹ̀ a máa fi àwàdà bá ẹni tí ó ṣe ìlú níbi wí, a sì máa fi orin yin ẹni tí ó tún ìlú ṣe. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹ̀rín a máa wọ ibi tí ìbínú kò lè dé. Ní àkókò ọdún ìbílẹ̀ wa yìí, ó yẹ kí a rántí ọmọ Yorùbá kan tí ó fi ọgbọ́n yẹn ṣe iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún: Olóyè Simeon Ọláòṣebìkan Adébọ̀, Ọ̀kánlọ́mọ Ìtòkò àti ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ti ọmọ Abẹ́òkúta ní Sakété. Ọ̀nà tí ó jáde láti Sakété gba Ìgólò dé Ìdírókò kò gùn. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fà ní ọdún 1889 ni ó gba àárín ẹbí kọjá, tí ẹ̀gbọ́n fi di ará Dahomey tí àbúrò sì di ará Nàìjíríà. Nígbà tí Adébọ̀ wà ní ipò gíga nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Ìdírókò àti Ìpókíá wà lára àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa fún wọn ti ṣe é fún àwa náà.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní oṣù kẹwàá ọdún 1913, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tirẹ̀, oṣù díẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó so àríwá àti gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Ó lọ sí Abeokuta Grammar School, ó sì tẹ̀ síwájú dé King's College ní Èkó. Nígbà tí ó jáde, iṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè ni ó kọ́kọ́ ṣe. Akọ̀wé kékeré ni nígbà náà, ẹni tí ń jókòó ti ìwé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀gá òyìnbó sì ń pàṣẹ fún. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ dé ni ó ń gbé ìwé. Ó ń dá kàwé nílé fún ìdánwò Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi gba oyè. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di lọ́yà.

Ní ọdún 1942, wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣàkóso ìlú fún ìjọba. Ní ìgbà yẹn, òyìnbó ni ó kún irú ipò bẹ́ẹ̀, ọmọ ilẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹni dúdú tí ó bá dé ibẹ̀ ní ohun méjì tí ó gbọ́dọ̀ yẹra fún: kò gbọ́dọ̀ tẹrí ba ju bó ti yẹ lọ fún òyìnbó, kò sì gbọ́dọ̀ di òyìnbó dúdú lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Adébọ̀ kò ṣe èkíní, kò ṣe èkejì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó lè fojú tín-ín-rín rẹ̀, ó sì ń bá ènìyàn ṣàwàdà débi pé kò sí ẹni tí ẹ̀rù bà láti bá a sọ̀rọ̀.

Ìbàdàn ni orúkọ rẹ̀ ti tàn. Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1957. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé láti oṣù kìíní ọdún 1955; tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé e ní 1959. Owó ni gbogbo rẹ̀, púpọ̀ nínú owó náà sì ti inú kòkó wá. Adébọ̀ di akọ̀wé àgbà ilé ìṣúná, nígbà tó yá ó di olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ìjọba yóò mọ̀ pé ipò akọ̀wé ìṣúná kì í jẹ́ kí ènìyàn ní ọ̀rẹ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó ń tọrọ owó, òun ni yóò sì wí fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn pé owó kò sí. Ibẹ̀ ni inú rere Adébọ̀ ti hàn. Inú rere rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ń fọwọ́ sí gbogbo ìwé kí wọ́n lè máa yìn ín. Ó máa ń sọ pé rárá, ṣùgbọ́n kò fi ń dójú ti ẹnikẹ́ni. Àwàdà rẹ̀ ni ó fi ń rọ ọ̀rọ̀ líle, tí ẹni tí kò rí owó gbà fi ń bá ẹ̀rín lọ. Ọmọlúàbí ni, ó mọ̀ pé ohùn tútù ni ó ń yọ obì lápò.

Ìdánwò ńlá dé lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní ìparí ọdún 1959, tí Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì gba ipò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣe ìjà, ẹgbẹ́ wọn pín sí méjì, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde ìpàjáwìrì. Nígbà tí erin méjì bá ń jà, koríko ni òṣìṣẹ́ ìjọba. Apá kọ̀ọ̀kan fẹ́ mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Adébọ̀ di ìlànà mú pé ti ìlú ni òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tí ó bá wà lórí àga ni yóò gbà ní ìmọ̀ràn òdodo, ìbáà dùn mọ́ ọn, ìbáà má dùn mọ́ ọn. Ìlànà yẹn ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lórúkọ rere tí a ṣì ń sọ títí di òní.

Ní ọdún 1962 yẹn kan náà ni wọ́n rán an lọ sí New York láti ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, níbi tí ó wà títí di 1967. Dahomey ti wọ àjọ náà ní ọjọ́ ogún oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, Nàìjíríà sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá, nítorí náà inú gbọ̀ngàn kan náà ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè wa méjèèjì jọ ń jókòó. Ọdún wọ̀nyẹn kò rọrùn. Ìdìtẹ̀ ológun ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nílé ní ọdún 1966, ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Lẹ́yìn náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í ṣe olórí UNITAR, ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwádìí rẹ̀, láti 1968 sí 1972. Gabriel d'Arboussier, tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa mọ̀ láti ìgbà AOF, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ibẹ̀. Adébọ̀ ni ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ọjà àti ilé oúnjẹ ni ti ọdún 1970. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọjà ti wọ́n, owó oṣù kò sì tó jẹun mọ́. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi Adébọ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ owó oṣù wò. Ìgbìmọ̀ náà kò jẹ́ kí ebi pa òṣìṣẹ́ títí iṣẹ́ wọn yóò fi parí. Kí ọdún náà tó tán, wọ́n ti ní kí a kọ́kọ́ fi owó ìrànwọ́ kún owó oṣù, kí ìjábọ̀ kejì tó tẹ̀lé e ní 1971. Wọ́n tọ́ka sí ìyà tí ń jẹ àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí a bá fi owó kún owó tí a kò bójú tó iye ọjà, owó ilé àti ọkọ̀, àfikún náà yóò di asán.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Onílé fowó lé owó ilé, ọlọ́jà fowó lé ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tí ọ̀gá wọn lọ́ra láti san án sì daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan dá Adébọ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti kìlọ̀ fún ni ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó Údójì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ dé, tí ọjà sì tún gbówó lérí gan-an. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò tíì gbó: àánú nìkan kò tó láti fi ṣe ìjọba, ìṣirò gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé, *Our Unforgettable Years* ní 1984 àti *Our International Years* ní 1988. Ó di olóògbé ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ìkàwé ìjọba tí ó wà ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta. Ó bá a mu, nítorí ìwé tí ó ń dá kà nílé lẹ́yìn iṣẹ́ ni ó gbé e dé ibi tí ó dé.

Ìyá arúgbó tí ó ti oko wá sí ilé mẹ́ẹ̀rì láti gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ ọmọ rẹ̀ kò mọ òfin, kò sì gbọ́ Faransé. Ojú akọ̀wé tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì ni ìjọba lójú tirẹ̀. Bí akọ̀wé náà bá fajú ro, ìjọba ti fajú ro. Bí ó bá kí i, tí ó fi í sórí ìjókòó, tí ó ṣàlàyé fún un ní èdè rẹ̀ pé ìwé kan ṣì kù, ìyá náà yóò padà sílé láìgba ohun tí ó wá gbà, ṣùgbọ́n yóò súre. Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá sì dé lọ́dún tó ń bọ̀, orúkọ akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò ní bọ́ sínú orin èébú.

Kí Olódùmarè tẹ́ Olóyè Adébọ̀ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó fún Sakété, Pobẹ̀ àti gbogbo ilẹ̀ wa ní òṣìṣẹ́ bí tirẹ̀. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.