Paulin Vieyra, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kó ya fíìmù nílé

Téèyàn bá gba ọ̀nà Bàdágírì kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó ń bá a lọ, á dé Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Paulin Soumanou Vieyra lọ́jọ́ 31 oṣù Kìíní, ọdún 1925. Ẹni tó bá mọ àwọn Àgùdà Èkó á ti dá irú orúkọ yẹn mọ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ lọ kàwé nílẹ̀ Faransé.

Iṣẹ́ fíìmù ló wù ú. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní IDHEC, ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù tó wà ní Paris. Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú rèé: láti 1934 ni òfin kan ti wà, òfin Laval, tó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fíìmù tàbí gba ohùn sílẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ìjọba. Vieyra tọrọ àṣẹ, wọn ò fún un. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi fóònù ya gbogbo nǹkan lọ́jà Ìkọ̀tún, ẹ gbọ́ ná: ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ní kó má ya ilẹ̀ bàbá rẹ̀ o.

Kí ló wá ṣe? Òun pẹ̀lú Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan gbé kámẹ́rà sígboro Paris. Wọ́n ya àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rìn ládùúgbò, bí wọ́n ṣe ń jókòó nílé kọfí. Afrique-sur-Seine lorúkọ fíìmù náà, ọdún 1955, ó lé díẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù àwa aláwọ̀ dúdú. Ìlú onílùú la ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ bá ro ìyẹn wò!

Nígbà tí Senegal gbòmìnira lọ́dún 1960, Dakar ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń darí fíìmù ìròyìn ìjọba. Lọ́dún 1963 ló ṣe Lamb. Ìjàkadì ni lamb lédè Wolof, ìjàkadì náà ló sì yà, látorí ìmúra títí dójú agbo. Lọ́dún 1975 ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí ìtàn fíìmù Áfíríkà. Ó tún tẹ̀ lé Ousmane Sembène kiri níbi tó ti ń ya Ceddo, ìyẹn ló di L'envers du décor.

Fíìmù gígùn kan ṣoṣo ló ṣe, En résidence surveillée, lọ́dún 1981. Ó kú ní Paris lóṣù Kọkànlá ọdún 1987, lẹ́ni ọdún 62.