Mohammed Shitta Bey, Olówó Pupa tí ó ṣílẹ̀kùn fún aráyé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń jiyàn lé lórí láti ayé àwọn baba wa: ǹjẹ́ Mùsùlùmí lè bá ẹlẹ́sìn mìíràn da nǹkan pọ̀, kí ó sì kọ́ ìwé Òyìnbó, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má yẹ̀? Ìgbésí ayé Mohammed Shitta Bey ni mo fẹ́ fi dáhùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Waterloo ní ilẹ̀ Sierra Leone ni a ti bí i. Yorùbá ni Salu àti Aishat, àwọn òbí rẹ̀. Ní 1831 wọ́n kó lọ sí Fourah Bay, Salu sì di ìmáàmù àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀. Ojú àwọn Mùsùlùmí náà rí màbo, nítorí pé ní 1839 àwọn ènìyàn ìjọba ba mọ́ṣáláṣí wọn jẹ́. Ọmọ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ lè dàgbà tán kí ó má fẹ́ fojú kan Onígbàgbọ́ tàbí Òyìnbó mọ́. Shitta kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1844 wọ́n padà wá sí Àgbádárìgì. Ní 1852 Shitta kó wá sí Èkó. Láti 1864 ni ó ti ń ṣòwò dé Odò Ọya. Obì, awọ ẹran, ìyẹ́ lékeléke àti oje igi ni ó ń tà, ó sì là tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní Olówó Pupa. Oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé ọjà kì í béèrè ẹ̀sìn ẹni. Ẹni tí yóò ṣòwò pẹ̀lú gbogbo ayé gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń bá gbogbo ayé gbé.

Nígbà tí owó dé, kò gbàgbé Ọlọ́run. Ó fi owó ran mọ́ṣáláṣí àwọn ará Fourah Bay lọ́wọ́, ó sì kọ́ ti Òpópónà Martins ní Èkó. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà tí ó ti Brazil dé, ni ó kọ́ ọ, Sanusi Aka sì ràn án lọ́wọ́. Ọnà Àgùdà ṣe ilé ìrun lẹ́wà, kò sì ba ìrun jẹ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Ọba Oyekan Kìíní wà níbẹ̀, Edward Blyden náà wá. Àwọn Onígbàgbọ́ pàtàkì bí Davies, Otunba Payne àti Blaize bá wa yọ̀. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool, ó ṣojú fún Abdul Hamid, Ọba ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tí ó fún Shitta ní oyè Bey.

Lẹ́tà Ọba náà gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí nígbà náà, nítorí ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òbí pé ọmọ tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò yí ẹ̀sìn padà. Shitta Bey kú ní 1895, kò rí èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1896 ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Blyden sì ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀. Ní 1923 ni àwọn ọmọ wa dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé tiwọn.

Èrò tèmi nìyí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí a rán ọmọ wa lọ sí ilé-kéú, kí a sì rán an lọ sí ilé-ìwé. Òbí tí ó bá fi ọ̀kan du ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ́ ẹ ní apá kan. Ìgbàgbọ́ tí ó fìdí múlẹ̀ nílé kì í sá nígbà tí àlejò bá wọlé. Kí Ọlọ́run kẹ́ Shitta Bey, kí ó sì fún àwa náà ní ọkàn bí tirẹ̀. Àmín.